Orin 12 tí Ray Charles Fi Fo Ọgbà

Nínú gbogbo àwo orin káńtírì tí etí mi ti gbọ́, èyí tí mo kà sí ọ̀gá kò ní báńjò nínú. Kò sì sí ẹni tó ń fi ohùn imú kọrin níbẹ̀ bí àwọn ará òkè Tennessee ti máa ń ṣe. Fèrè ló kún inú rẹ̀, àti dùùrù, àti ọ̀pọ̀ fáyólìnì, pẹ̀lú agbo elégbè tí ohùn wọn tutù minimini. Afọ́jú ni ẹni tó kọ ọ́, aláwọ̀ dúdú ni, ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n bí i sí, Florida ló sì ti dàgbà. Ray Charles lorúkọ rẹ̀. Ó sọ àwo náà ní Modern Sounds in Country and Western Music, ó sì jáde sígboro ní oṣù kẹrin ọdún 1962.

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn àwo yìí, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ọkùnrin dúdú kan ya wọ oko olóko, ó sì ṣe oríire níbẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Oko tí wọ́n ń wí yẹn, àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣán an. Kì í sì í ṣe oríire ló gbé e débẹ̀. Etí ni, etí tó ti ń gbọ́ orin náà látìgbà èwe, àti ìwé àdéhùn kan tó bu ọwọ́ lù ní ọdún 1959. Ká ní ọ̀kan nínú méjèèjì kò sí ni, àwo náà ì bá má sí.

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Greenville, ní Florida, ni ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ. Aṣọ ni ìyá náà ń bá àwọn èèyàn fọ̀ kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. Ọdún 1930 ni wọ́n bí ọmọ náà, kó sì tó pé ọmọ ọdún 8, ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá. Ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó sùn, àfi lálẹ́ Sátidé. Lálẹ́ Sátidé, ó máa ń gbà á láyè kó jókòó ti rédíò kó gbọ́ Grand Ole Opry, ètò orin káńtírì tó ń wá láti Nashville, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1925 tí kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀ dòní. Nígbà tó dàgbà, ó máa ń sọ pé orin káńtírì àti blues kò jìnnà síra wọn rárá, torí pé àtọ̀hún àtèyí ló ń sọ ọ̀rọ̀ ní gbangba, láì fi epo bọ́yọ̀.

Wọ́n mú un lọ sí ilé-ìwé àwọn adití àti afọ́jú ní St. Augustine. Ilé-ìwé náà ya àwọn ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ọmọ funfun. Ẹ tiẹ̀ rò ó wò: àwọn ọmọ tí kò rí àwọ̀ ara wọn, tí wọn ò sì ní í rí i láéláé, ni wọ́n torí àwọ̀ pín níyà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka orin ní Braille. Ẹni tó bá ń ka orin báyìí kò lè fi ọwọ́ méjèèjì tẹ dùùrù lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọwọ́ ni ojú rẹ̀. Yóò fi ìka tọ ìlà díẹ̀, yóò há a sórí, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò tún padà lọ fọwọ́ ka òmíràn. Ẹni tó bá ti kékeré kọ́ orin lọ́nà yìí kì í gbàgbé nǹkan. Nígbà tí Ray Charles di géńdé, odindi orin ni ó lè gbé sórí, pẹ̀lú ohùn tí fèrè kọ̀ọ̀kan yóò fọn, láìsí pépà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba. Kò padà sí ilé-ìwé, orin ló fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ káàkiri Florida. Ní ìlú Tampa, ní ìparí àwọn ọdún 1940, ó bá ẹgbẹ́ olórin káńtírì kan tẹ dùùrù. Florida Playboys ni wọ́n ń pè wọ́n, aláwọ̀ funfun sì ni gbogbo wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn fò sókè kí wọ́n tún já a wálẹ̀, bí àwọn darandaran inú orin náà ṣe máa ń ṣe. Nítorí náà, lọ́dún 1962, kì í ṣe àlejò ló wọlé wẹ́rẹ́ sínú orin káńtírì. Ọmọ ilé ni.

Ta ló wá mọ ọgbà sáàárín ọmọ ilé àti ilé rẹ̀? Àwọn oníṣòwò ni. Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ agbórinjáde ní Amẹ́ríkà ń wá ọjà kiri ní ìhà gúúsù, wọ́n pín orin tí wọ́n bá níbẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Èyí tí aláwọ̀ dúdú bá kọ, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yà lé e lórí, ṣọ́ọ̀bù àwọn dúdú ni wọ́n sì ń tà á sí. Èyí tí aláwọ̀ funfun tó ń gbé oko bá kọ, wọ́n pè é ní orin ará oko, wọ́n sì tà á fún àwọn ará oko. Ó lè jẹ́ orin kan náà ni, ó sì lè jẹ́ ọwọ́ kan náà ló kọ́ wọn ní gìtá. Lọ́dún 1949, ìwé ìròyìn Billboard yí orúkọ àtẹ méjèèjì padà, ọ̀kan di Rhythm and Blues, èkejì di Country and Western. Orúkọ ló yí padà, ọgbà náà ò kúrò níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, báńjò tí gbogbo ayé fi ń dá orin káńtírì mọ̀, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé ìmọ̀ rẹ̀ dé òkè òkun. Hank Williams, ọ̀kan nínú àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká inú orin náà, ọkùnrin dúdú kan tó ń kọrin lójú pópó ní Alabama, Rufus Payne, ló kọ́ ọ ní gìtá nígbà tó wà lọ́mọdé. DeFord Bailey, ọmọ dúdú tó ń fọn hàmóníkà, wà lára àwọn tí òkìkí wọn kọ́kọ́ kàn jù nínú Grand Ole Opry gan-an, kí wọ́n tó lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1941.

Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé fún ọmọ Yorùbá pé orin káńtírì kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ta ni nínú wa tó ṣe Kérésìmesì ní ìgboro Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tí kò gbọ́ ohùn Jim Reeves láti ojúlé kan sí èkejì? Don Williams ń kọ, àwọn bàbá wa jókòó sórí àga, wọ́n ń mi orí. Gìtá onírin tí wọ́n ń tẹ́ kalẹ̀ ta, èyí tó máa ń sunkún nínú orin Nashville, ni Démọ́lá Adépọ̀jù gbé wọ agbo jùjú King Sunny Adé, ó sì bá gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mu bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Lójú tèmi, ohun tó ń fà wá ni pé orin náà máa ń ní ìtàn nínú, tí ìtàn náà sì máa ń yé èèyàn.

Ó wá ku ìwé àdéhùn. Ilé-iṣẹ́ Atlantic ní New York ló kọ́kọ́ sọ Ray Charles di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó lo ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọdún 1950 lọ́dọ̀ wọn, ó fi ohùn ṣọ́ọ̀ṣì kọ orin ìfẹ́ títí inú fi ń bí àwọn oníwàásù. What'd I Say tó jáde lọ́dún 1959 ni ó kóná jù. Lọ́dún yẹn kan náà, kó tó kúrò níbẹ̀, ó gbé orin káńtírì kan tí í ṣe ti Hank Snow, I'm Movin' On, ó sì kọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀. Ìgbà náà ni àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Atlantic ń parí lọ, tí ilé-iṣẹ́ agbórinjáde ABC-Paramount sì wá bá a.

Kì í ṣe owó nìkan ló bá wọn sọ. Ó ní kí téèpù tí wọ́n bá fi gba orin òun sílẹ̀ padà di ti òun lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí òun náà sì pín nínú èrè gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń darí iṣẹ́. Orin tó bá wu òun ni òun yóò máa yàn. Wọ́n gbà. Lásìkò yẹn, ṣàṣà olórin, ìbáà jẹ́ dúdú tàbí funfun, ló ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn olórin tiwa, àwọn tó kọ àwo rẹpẹtẹ tó tà jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n sì darúgbó láìní téèpù kan ṣoṣo lọ́wọ́, yóò mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ bébà yìí. Ẹni tí kò ní orin rẹ̀ níkàáwọ́ kò lè jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kó ní orin káńtírì ló kàn.

Ohun tí Ray Charles sì ṣe nìyẹn. Ó ti kọ Georgia on My Mind fún wọn, ó ti kọ Hit the Road Jack, méjèèjì ló sì gorí àtẹ dé ipò kìn-ín-ní. Ó wá ké sí Sid Feller, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní ABC-Paramount, pé kó bá òun wá àwọn orin káńtírì tó dára jù láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹnu ya Feller. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì bẹ̀rù pé àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ yóò sá lọ. Ray Charles ní bí àwọn kan bá lọ, àwọn mìíràn yóò dé. Ìwé àdéhùn wà nílẹ̀, wọn ò lè sọ pé rárá. Feller kàn sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀tọ́ orin, ó kó nǹkan bí 250 orin jọ sórí téèpù, ó sì fi ránṣẹ́ sí i ní California. Nínú 250 yẹn ló ti ṣa 12.

Méjì nínú 12 náà jẹ́ ti Hank Williams. Àwọn yòókù wá láti ọwọ́ Floyd Tillman, Ted Daffan, Eddy Arnold àti ẹgbẹ́ wọn, yàtọ̀ sí Careless Love, orin àtijọ́ tí kò ní olóhun. Ó yàn wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ inú wọn. Àwọn orin yìí, ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ ló ń sọ ọ́ bó ṣe rí, láì ṣe àwàdà, láì ṣe gbẹ̀ẹ̀rẹ̀. Ohun tó wá kù ni aṣọ tí yóò wọ̀ fún wọn.

Oṣù kejì ọdún 1962 ni wọ́n gba ohùn sílẹ̀. Ní New York, ẹgbẹ́ afunfèrè ńlá ló kó wọ sítúdíò, Gerald Wilson àti Gil Fuller ló sì tò ó fún wọn. Ibẹ̀ ni Bye Bye Love tó ṣí àwo náà ti wá, àti Hey, Good Lookin' tó kádìí rẹ̀. Fèrè ń dún gbàù gbàù, ìlù ń sáré, ijó ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọjá sí Hollywood, níbi tí Marty Paich ti to fáyólìnì àti elégbè fún àwọn orin tó tutù. Ìdajì àwo náà jẹ́ ti ijó, ìdajì kejì jẹ́ ti ẹkún. Mo mọ àwọn tó kórìíra fáyólìnì yẹn, tí wọ́n ní ó dùn jù, pé ó ń bo ohùn mọ́lẹ̀. Mi ò bá wọn lọ. Ibi tí fáyólìnì bá ti tẹ́jú jù ni ohùn Ray Charles ti máa ń ya gààràgà, ìdí gan-an tó fi ní kí wọ́n tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ sì nìyẹn.

Ẹ gbọ́ You Don't Know Me. Eddy Arnold ló mú àbá orin náà tọ Cindy Walker lọ, obìnrin ará Texas tó mọ orin í kọ bí ẹní mu omi, obìnrin náà sì kọ ọ́ parí. Ìtàn ọkùnrin kan ni: obìnrin tó fẹ́ràn wá kí i, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọkùnrin náà kò lè sọ tẹnu rẹ̀, obìnrin bá ẹlòmíràn lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ray Charles kì í bá ìlù rìn nínú orin yìí. Ìlù á ti lọ, òun á ṣì wà lẹ́yìn, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ há sí lọ́fun. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí ìlà náà parí ni yóò tó jù ú sílẹ̀. Ohùn á pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ojo inú ọkùnrin náà, inú ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

Àmọ́ I Can't Stop Loving You ni orin tó gbé àwo náà délé gbogbo èèyàn. Don Gibson ló ni ín. Ọjọ́ kan náà lọ́dún 1957 ló kọ ọ́ pọ̀ mọ́ Oh Lonesome Me, nínú ilé alágbèérìn tó ń gbé ní Knoxville, ní Tennessee. Ray Charles dorí orin náà kodò. Ní àṣà orin, lọ́dọ̀ tiwa àti ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn dúdú Amẹ́ríkà, ẹnì kan ni yóò lé e, agbo á gbè é. Níbí, elégbè ló ń lé. Àwọn ni wọ́n ń kọ ìlà orin jáde ní títò, tí ohùn gbogbo wọn dọ́gba, tó mọ́ roro. Ray Charles wá ń tẹ̀ lé wọn, ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ó ń tún un sọ, ó ń gé e, ó ń kùn sí i. Lójijì, ìbànújẹ́ tí àwọn tọ̀hún ń ka bí ìwé wá di ti ẹnì kan pàtó tí ó jókòó nídìí dùùrù. Nígbà tí orin ń parí lọ, ó tilẹ̀ yà kúrò nínú orin, ó bá àwọn elégbè sọ̀rọ̀ bí àgbà ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, pé kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ ibẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ.

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé àwọn tó to àwo náà kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ipò kọkànlá ni wọ́n fi orin yẹn sí, ó ku ọ̀kan kí ojú kejì parí, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í fi ẹrù tó dára jù pamọ́ sí. Tab Hunter, òṣèré sinimá, ló jí wọn lójú oorun. Ó gbọ́ orin náà nínú àwo, ó sáré kọ tirẹ̀ lọ́nà tí Ray Charles gbà kọ ọ́, ó sì gbé e jáde ní àwo kékeré. Orin ti Hunter bẹ̀rẹ̀ sí í tà. ABC-Paramount ta gìrì. Orin tó lé ní ìṣẹ́jú 4 ni wọ́n gé kúrú kí rédíò lè gbà á, wọ́n sì fi àwo kékeré náà ṣọwọ́ kíákíá. Kò pẹ́ tí wọn ò gbúròó ti Hunter mọ́.

Ní oṣù kẹfà, I Can't Stop Loving You ti dé orí àtẹ Billboard, ó sì lo ọ̀sẹ̀ 5 nípò kìn-ín-ní. You Don't Know Me tẹ̀ lé e dé ipò kejì. Àwo náà fúnra rẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ 14 lókè àtẹ àwo, ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Count Basie gbé orin Don Gibson yẹn fún ẹgbẹ́ rẹ̀, Quincy Jones tò ó, ó sì gba Grammy lórí ètò orin náà lẹ́yìn náà.

Nínú oṣù kẹfà yẹn gan-an, ilé-ẹjọ́ kan ní Atlanta bu owó ìtanràn dọ́là 757 lé Ray Charles. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ní oṣù kẹta ọdún 1961, ó kọ̀ láti kọrin ní ìlú Augusta, ní Georgia, nítorí pé àwọn funfun nìkan ni wọ́n fẹ́ gbà láyè láti jó nílẹ̀ gbọ̀ngàn, tí àwọn dúdú yóò máa wò wọ́n láti òkè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Paine College ló ta á lólobó. Ó kúrò nílùú náà láìkọrin, ẹni tó pè é síbẹ̀ sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ìtàn méjèèjì kò ṣeé yà nípa lọ́kàn mi: ọkùnrin tí orin rẹ̀ ń dún nílé àwọn funfun jákèjádò Amẹ́ríkà lóṣù yẹn ni adájọ́ ní kó sanwó torí pé ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ jó.

Kí wá ni àwọn onírédíò káńtírì ṣe? Wọn ò ṣe nǹkan kan. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn orin tí Ray Charles kọ nínú àwo náà tó dé àtẹ orin káńtírì ti Billboard lọ́dún yẹn, èyí tó wà nípò kìn-ín-ní ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà pàápàá kò débẹ̀. Ṣùgbọ́n owó dé ọ̀dọ̀ wọn. Acuff-Rose, ilé-iṣẹ́ Nashville tó ni ẹ̀tọ́ orin Don Gibson àti Hank Williams, ń gba tirẹ̀ lórí àwo kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Àwọn olórin tí kì í ya sí ìhà Nashville tẹ́lẹ̀ wá ń wá orin níbẹ̀. Ray Charles la ọ̀nà fún wọn, wọ́n tọ̀ ọ́, wọn ò dúpẹ́. Kí ọdún 1962 tó parí, ó ti gbé apá kejì àwo náà jáde.

Ó pẹ́ kí ọgbà náà tó mì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ RCA gbé orin Charley Pride jáde lọ́dún 1966, wọn ò fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn onírédíò, kí wọ́n má baà mọ̀ pé dúdú ni. Linda Martell, obìnrin dúdú olórin káńtírì, gbé àwo kan jáde lọ́dún 1970, Color Me Country, kò sì rí àyè gbé òmíràn jáde mọ́. Ray Charles àti Willie Nelson kọ Seven Spanish Angels pọ̀, lọ́dún 1985 sì ni àtẹ káńtírì gbà á sípò kìn-ín-ní nígbẹ̀yìn. Lọ́dún 2024, Beyoncé gbé Cowboy Carter jáde, ó sì pe Linda Martell wá sínú rẹ̀; ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn olórin káńtírì lámì-ẹ̀yẹ kò yàn án fún ohunkóhun lọ́dún yẹn, àmọ́ nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2025, Grammy fún un ní ti àwo káńtírì tó dára jù, wọ́n sì tún fún un ní ti àwo tó dára jù lọ́dún náà.

Ray Charles kú ní oṣù kẹfà ọdún 2004. Lọ́dún 2006, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Country Music Hall of Fame ní Nashville ṣe àfihàn ńlá kan nípa òun àti orin káńtírì, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé wọn ò mọ ohun tó ṣe. Wọ́n mọ̀. Síbẹ̀, ọdún 2021 ni wọ́n tó kéde pé àwọn gbà á wọlé, ọdún 17 lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí etí rẹ̀ kò lè gbọ́ ọ mọ́. Wọ́n ti gba Charley Pride lọ́dún 2000, wọ́n ti gba DeFord Bailey lọ́dún 2005, òun náà kú tipẹ́ kí wọ́n tó rántí rẹ̀. Láti ọdún 1961 tí wọ́n ti ń yan àwọn èèyàn sínú ilé náà, Ray Charles ni aláwọ̀ dúdú kẹta.